Ẹsẹ̀ Awò Tí Kò Dá Kọ̀ǹpútà Lóhùn

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán, mo gbójú sókè wo fèrèsé, ilẹ̀ ti ṣú. Mo wo aago, mo tún un wò. Ní Ìkìrun, àkókò yẹn làwọn ọmọ iléèwé máa ń ti lẹ́sìnnì bọ̀, tí oòrùn á ṣì máa ta wọ́n lórí. Mo sọ fún obìnrin ará Gánà tí a jọ ń gbélé pé ó jọ pé òjò ńlá kan fẹ́ rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣòjò, alẹ́ ló lẹ́, pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí òtútù yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀.

Kí n tó kúrò nílé, tíṣà fisíìsì ni mí ní iléèwé girama kan ní Òkukù. Inísà ni wọ́n ti bí mi, Ìkìrun lèmi àti ọkọ mi kọ́lé sí. Ọkọ mi náà ń kọ́ni níléèwé kan náà, kọ̀ǹpútà niṣẹ́ tirẹ̀. Láràárọ̀, a ó jọ gun máṣíìnì rẹ̀, a ó já Tèmi ọmọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi ní Inísà, àwa méjèèjì á sì máa lọ sí Òkukù. Nígbà tí ọ̀nà ṣí fún mi láti wá tọ́jú àwọn arúgbó nílẹ̀ òyìnbó, a jọ jókòó ni, a jọ pinnu. Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ, àwọn á wá tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo dé tí òfin yí padà, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa kò lè mú ẹbí rẹ̀ wá mọ́. Bí mo ṣe wà níhìn-ín nìyẹn, tí wọ́n wà lọ́hùn-ún.

Ìlú kékeré kan létí òkun ni, ní apá òkè Skọ́tíláǹdì. Òtútù ibẹ̀ kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù, wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó wá. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Mo lè rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́ kí n má gbọ́ ẹ kú àárọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan mo kí ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn, ńṣe ló bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mo ń kí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí èèyàn nínú ọkàn mi.

Lára àwọn tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ni ìyá kan tó ń dá gbé nínú ilé olókùúta kan lókè ìlú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìṣirò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́, ojú wọn náà sì ń lọ. Láàárọ̀, màá wẹ̀ fún wọn, màá wọṣọ fún wọn, màá fún wọn ní oògùn. Lọ́sàn-án, màá padà wá gbọ́ oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tí màá máa pè wọ́n.

"Jíìnì," ni wọ́n wí.

Ìyá tó ti lè bí ìyá mi! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá Jíìnì ńkọ́, mà?"

"Èmi kọ́ ni mo bí ọ."

"Ẹ lè bí mi, mà."

Wọ́n yí orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò mí, bí adìyẹ ṣe máa ń woni. Mi ò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ń woni bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. "Mo gba Màmá Jíìnì," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ 'mà' yẹn." Mo gbìyànjú títí, 'mà' náà ò kúrò lẹ́nu mi. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Bí mo bá délé, màá pe Ìkìrun. Ìpè yẹn ni mo máa ń fojú sọ́nà fún láti òwúrọ̀, síbẹ̀ bó bá dé, kì í jọ bí mo ṣe rò ó.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Dádì Tèmi."

"Kúùrọ̀lẹ́, Ìyá Tèmi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ṣé iná wà?"

"Wọ́n ti mú un lọ látàárọ̀. Tèmi! Wá kí mọ́mì ẹ."

Tèmi á wá kí mi, ojú rẹ̀ á wà níbi tó ti ń ṣeré bọ̀. "Mọ́mì, ṣé kí n máa lọ?" Màá ní kó máa lọ. Èmi àti bàbá rẹ̀ á wá máa wo ara wa lójú fóònù. Kò síjà láàárín wa o. Ọ̀rọ̀ ló tán. Nígbà tí a jọ ń gun máṣíìnì, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wa láti Ìkìrun títí dé ẹnu géètì iléèwé: ọmọ tó gbàgbé ìwé sílé, tíṣà tó ń sùn ní kíláàsì, ìdánwò tó ń bọ̀. Ní báyìí, kí ni màá sọ fún un? Pé mo pààrọ̀ ìlédìí àgbàlagbà mẹ́ta? Òun náà, tó bá dárúkọ ọmọ kíláàsì kan, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mísìs Adéoyè, tíṣà tuntun tó gba kíláàsì mi, ló mọ̀ wọ́n báyìí.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Jíìnì ní kí n bá wọn mú ìbora kan wá nínú yàrá onígíláàsì tó wà lẹ́yìn ilé. Mi ò débẹ̀ rí. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, mo rí ohun kan tí wọ́n da aṣọ bò, ó ga tó èèyàn, ó tẹ orí síwájú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo ké "Jésù!" mo sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá yẹn.

"Kò lè jẹ ọ́," wọ́n wí. "Ṣí i."

Tẹlisíkóòpù ni, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ ní Òkukù, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń yà á sójú pátákó. Mi ò fojú kàn án rí. Mo dúró tì í, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Awò náà kọ́ ló tiẹ̀ wú mi lórí jù, ẹsẹ̀ tó gbé e dúró ni. Mọ́tò oníná kéékèèké méjì ló wà lára ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan ń yí awò sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé e sókè sódò. Bí ayé ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ làwọn mọ́tò yẹn á máa yí awò tẹ̀ lé ìràwọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má baà sá kúrò lójú ẹni tó ń wò ó.

Màmá Jíìnì wá sọ ọ̀rọ̀ ojú wọn fún mi. Àárín ojú wọn ti kú, bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò dúdú lé e. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń ríran, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yí orí. Ihò kékeré tí èèyàn ń gbà yọjú wo inú awò kò wúlò fún wọn mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi kámẹ́rà sídìí awò náà, tí àwòrán rẹ̀ hàn gbàgàdà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣì lè rí i. Wọ́n lè jókòó sínú yàrá onígíláàsì pẹ̀lú ìbora lẹ́sẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa pàṣẹ fún mọ́tò níta. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló máa ń bá wọn so ó pọ̀. Ọ̀rẹ́ náà ti kó lọ sílùú mìíràn, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ti bàjẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra tuntun, kò rí mọ́tò náà mọ́.

"Ọmọ mi ń bọ̀ wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí òtútù bá lọ tán," ni wọ́n wí. "Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé láàárín ìlú ńlá. Kò sí àyè fún èyí. Mo kàn fẹ́ tún un wò kí n tó lọ."

Wọn ò bẹ̀ mí. Ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ni mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, mà."

Ọjọ́ yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán. Mo tan mọ́tò náà. Rìmóòtù kan wà lára rẹ̀ tí wáyà so mọ́ ọn, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, awò náà dún ṣììì, ó yí sọ́tùn-ún. A jẹ́ pé iná dé ibẹ̀, mọ́tò náà sì yè. Mo so wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí ètò ìràwọ̀ tó wà nínú rẹ̀, mo ní kó so pọ̀. Ó ronú títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

"Gbọn wáyà yẹn," ni Màmá Jíìnì wí.

"Ẹ jẹ́ ká máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, mà. Tí a bá gbọ̀n ọ́n tó bá ṣiṣẹ́, a ò ní mọ ohun tó ṣe é."

"Tó bá ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ fi mímọ̀ ṣe?"

"Tó bá tún kọṣẹ́ lọ́la ńkọ́?"

"Irú tíṣà tí n kì í fẹ́ jókòó tì ní yàrá ìsinmi ni ọ́," wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fa àga wọn sún mọ́ tòsí.

Ibi tí mo jókòó sí nílẹ̀, tí wáyà wà lọ́wọ́ mi, ni ọ̀gá wa obìnrin bá mi lọ́jọ́ kejì. Ó wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láìsọ tẹ́lẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní kí n wá rí òun ní ọ́fíìsì. Òfin wa ni pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tàbí ẹrù àwọn tí à ń tọ́jú, àyàfi èyí tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé rẹ̀ nítorí inú mi dùn. Iṣẹ́ yẹn ló so ìwé ìgbélùú mi ró. Tí wọ́n bá lé mi, ilé ni.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkọ mi bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

"Ṣé o ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé o jí nǹkan?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì Tèmi!"

"Ó dáa. Lọ sọ òótọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí." Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n dúró ná. Kọ̀ǹpútà yẹn, kí ni nǹkan tó kọ sójú gan-an?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, mo sọ fún un. Ó tún bi mí ní ìbéèrè mìíràn, mo dáhùn, ó tún bi mí. Nígbà tí mo fi mọ̀, bátìrì fóònù mi ti ń kú lọ, a sì ṣì ń sọ̀rọ̀.

Kí n tó dé ọ́fíìsì láàárọ̀, Màmá Jíìnì ti pè wọ́n lórí fóònù. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ń fọwọ́ pa etí nígbà tí mo wọlé. Ó kìlọ̀ fún mi, mo sì tọrọ àforíjì. Ó wá ní bí ìyá náà bá pè mí lálejò lọ́jọ́ tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, tí mi ò wọ aṣọ iṣẹ́, ìyẹn ò kan òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Bí ọjọ́ Sátidé mi ṣe di ti Màmá Jíìnì nìyẹn. Màá wọ aṣọ ara mi, wọ́n á po tíì fún mi, bí ọwọ́ wọn tiẹ̀ ń dà á sílẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn ṣe é lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi á wà lójú fóònù tí mo fi ti ìkòkò òdòdó kan. Òun ló sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà nílò ètò kékeré kan kó tó lè gbọ́ èdè wáyà náà. A wá ètò yẹn, a fi sí i. Kọ̀ǹpútà wá ní òun rí wáyà, ṣùgbọ́n òun ò rí mọ́tò.

"Gbogbo ibi tí wáyà bá gbà wọ inú kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà, bí ilé tó wà ládùúgbò," ọkọ mi wí. "Ìlẹ̀kùn wo ni ètò ìràwọ̀ yẹn ń kàn?"

Mo wò ó. Ìlẹ̀kùn mìíràn ló ń kàn, wáyà wa sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó jìnnà sí i. Èmi àti Màmá Jíìnì ké yéè pọ̀. A yí nọ́ńbà náà padà, a ní kó so pọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo fẹ́ gbọn wáyà náà fúnra mi.

Sátidé mìíràn, ọkọ mi ní kí n má fojú wo wáyà náà mọ́, kí n fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí. Mo di ojú mi, mo sì ń tọ̀ ọ́ lọ. Ó kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó gba ẹ̀gbẹ́ àga, ó gun ẹsẹ̀ awò, ó wọ ihò kan lára mọ́tò. Ọwọ́ mi tún wá kan ihò mìíràn lábẹ́ rìmóòtù, òfìfo, ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì. Mo la ojú mi.

"Màmá Jíìnì, kí ni wọ́n ń so mọ́ abẹ́ rìmóòtù yìí, mà?"

Wọ́n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wò ó títí. "Mi ò mọ̀," wọ́n wí. "Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń ṣe é." Ohùn wọn wálẹ̀. "Mo máa ń po tíì ni."

Mo yọ wáyà náà, mo kì í bọ ihò abẹ́ rìmóòtù. Mo ní kí kọ̀ǹpútà so pọ̀. Kò ronú rárá, ojú ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ pé ó ti so. Wàhálà méjì ló wà ńbẹ̀ látilẹ̀, ọ̀kan ń fi èkejì pamọ́. A ì bá tún nọ́ńbà ṣe lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, òfo ni, níwọ̀n ìgbà tí wáyà ṣì wà níhò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkọ mi ń pariwo lójú fóònù, màmá mi náà ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé Inísà ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé Tèmi lọ kí ìyá àgbà. Ojú sánmà mọ́ kedere. Oòrùn ti wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìràwọ̀ ńlá kan sì ti yọ lápá ìwọ̀ oòrùn. Mo gbé awò náà gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde tòun ti kámẹ́rà ìdí rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ náà bí Màmá Jíìnì ṣe ń júwe fún mi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ kọ̀ǹpútà. Awò náà dún ṣììì, ó mì díẹ̀, ó dúró. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun kan tàn, ó funfun, ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Màmá Jíìnì gbé ojú wọn sún mọ́ ọn, wọ́n yí i sápá ọ̀tún, wọ́n yí i sápá òsì, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wá a. Wọ́n wá dúró sójú kan. "Ó wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. Mo fa ìbora bò wọ́n lórúnkún, mo sì rántí pé mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí la ń wò yìí?" màmá mi bèèrè láti Inísà.

"Àgùàlà ni, mà."

"Àgùàlà kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń pè lájá òṣùpá? Kí ló wá dé tó fi jọ òṣùpá fúnra rẹ̀?"

Mo gbé ohùn tíṣà wọ̀. Mo ní oòrùn ló ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, pé ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ò dé la ò rí. Màmá mi ní àṣé kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, ó dá dúró láyè tirẹ̀ ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Jíìnì, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá náà dáadáa.

Tèmi ti gba fóònù. "Mọ́mì, kí ló dé tílẹ̀ fi ṣú lọ́dọ̀ yín? Oòrùn ṣì wà níbí o. Ẹ wò ó!" Ó yí fóònù sójú ọ̀run Inísà, ó pọ́n bí epo. Mo sọ fún un pé tí oòrùn yẹn bá wọ̀, kó wo apá ibẹ̀ yẹn dáadáa, yóò rí Àgùàlà láìsí awò. Kò bi mí bóyá kó máa lọ. Ó jókòó sórí àpótí nínú ọgbà màmá mi, fóònù lọ́wọ́, ó ń bi mí ní gbogbo ìbéèrè tó wá sí i lọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́dọ̀ tiwọn náà. Nígbà tó rí i, ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ara mi ti mọlé níbí. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, mo mọ afẹ́fẹ́ òkun tó bá fẹ́ mú òjò wá. Ọkùnrin alájá ti ń kí mi báyìí, òun ló tiẹ̀ ń kọ́kọ́ kí mi. Síbẹ̀, lójú àlá mi, Òkukù ni mo wà, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé láwọn Sátidé yẹn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wáyà, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọmọ Màmá Jíìnì dé. Lójú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti sọ pé iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́ rí làwọn fẹ́ fún ní awò náà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá wa, kó má di ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n sọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ náà bá mi dì í, ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù lọ sílé sì bá mi kó o lọ. Lọ́jọ́ tí Màmá Jíìnì ń lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Sọ fún wọn kí wọ́n má gbọn wáyà," ni wọ́n wí.

Ó pẹ́ kó tó dé Òkukù. Ìgbà tó dé, kò ṣiṣẹ́.

Èmi ni mo wá di ẹni tó wà lójú fóònù. Àsìkò lẹ́sìnnì ni wọ́n máa ń gbé e síta sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ọkọ mi àti Mísìs Adéoyè. Màá jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi bọ̀ láti ibi iṣẹ́, màá máa pàṣẹ. Ẹ wo nọ́ńbà. Wọ́n ti wò ó. Ẹ wo ihò abẹ́ rìmóòtù. Ibẹ̀ náà ló wà. Ó máa ń so pọ̀, wọ́n ní, ṣùgbọ́n bí awò bá ti fẹ́ yí báyìí, á já. Ẹ wọn iná bátìrì sólà tí ẹ so ó mọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó pé. Mo ní wáyà ni, kí wọ́n wá òmíràn. Wọ́n wá a dé Òṣogbo, ó tún já. Àwọn kan níléèwé ti ń sọ pé àlòkù òyìnbó tó ti kú ni wọ́n kó ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n pè ní àlòkù.

Lọ́jọ́ kan, mo délé látibi iṣẹ́, mi ò tíì bọ́ bàtà, ìpè wọlé. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ariwo àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní, "Ìyá Tèmi, wò ó!" Ó yí fóònù. Awò náà ń yí lọ geerege, ó gbójú sókè sí òṣùpá ìrọ̀lẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tò síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń dúró gba ìdàpọ̀ mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lẹ ṣe?"

"Mísìs Adéoyè ló rí i."

Obìnrin náà yọjú sí fóònù, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ìgbà tí mọ́tò ò ṣiṣẹ́ la ti ń wọn iná, mà. Mo wá ní ká wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń yí. Bó ṣe ń yí báyìí, iná ń wálẹ̀. Wáyà tó gbé iná wá láti ibi sólà iléèwé ti gùn jù, ó sì tín-ín-rín. A gbé bátìrì wá sídìí rẹ̀ níbí, ló bá ń ṣiṣẹ́."

Mo ní ó káre, Olúwa á túbọ̀ fún un lóye. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọmọ kan ké pè é lẹ́yìn, "Àǹtí Fisíìsì, ó ti kúrò láàárín o!" Ó ní kí n dákun, ó sáré lọ. Orúkọ yẹn, èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi gba fóònù, ó rìn kúrò nínú ariwo. "O dákẹ́."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ló dé?"

"Inú mi dùn," mo ní. "Ó sì tún dùn mí."

Mo rò pé yóò ní kí n má ronú, pé gbogbo rẹ̀ á dáa, bí a ṣe máa ń sọ fún ara wa. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tó jókòó sórí máṣíìnì rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì.

"Ibo ló ti dùn ẹ́?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ mi, mo sì sọ fún un. Mo sọ ti ìṣófo tó wà nínú yàrá mi, ti iṣẹ́ tí mo ń ṣe àti iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, ti bó ṣe rí láti gbọ́ orúkọ mi lára ẹlòmíì. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Èmi náà ní ohun tó ń dùn mí," ó wí. "Láti ọjọ́ tó o ti lọ ni mo ti ń gbé e rìn."

Mo bọ́ bàtà mi. "Ẹ sọ ọ́," mo ní. "Mo ń gbọ́ yín."